Ìbéèrè Kan Náà

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú;
bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.
Èmi ò tíì ṣubú. Wọ́n ń sanwó fún mi
kí n máa wo ẹ̀yìn àwọn tó ṣubú.

Abẹ́ ilẹ̀ ilé ìwòsàn, létí odò Váh, nínú oṣù Fébúárì,
páìpù omi gbígbóná ń kùn lórí mi,
mo ń tú fáìlì tí eku ti jẹ létí.
Ènìyàn mọ́kànlélógójì láàárín ogún ọdún,
jẹjẹrẹ mú wọn nínú ihò imú,
níbi tí èémí kọ́kọ́ ń kàn.

Mọ́kànlélógójì, nínú ìlú tó yẹ kó ní méjì, bóyá mẹ́ta.

Dókítà Hrivnák ní: má bi aláìsàn nìkan.
Gbogbo wọn ló jẹ búrẹ́dì; ṣé búrẹ́dì ló pa wọ́n?
Fún aláìsàn kan, wá mẹ́rin tí ara wọn dá,
ọjọ́ orí kan náà, àdúgbò kan náà,
kí o bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà
pẹ̀lú ohùn kan náà.

Ohùn kan náà! Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Mo kan ilẹ̀kùn Otília Hrušková.
Blažej ọkọ rẹ̀ ti kú láti ìgbà ìkórè; òun ló ń dáhùn fún un.
Ó ti ronú títí, kò sóhun tí kò rántí:
ọ̀dà tó fi kun ọgbà lọ́dún tí wọ́n bí Cyprián,
èéfín èédú, sìgá tó ń fi pamọ́ sínú bàtà,
òjò kan tó pa á sùn lóko.
"Èwo ni nínú wọn?"
Mo ní, "Màmá, ọdún wo ló bẹ̀rẹ̀ sìgá?"
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ mi tutù.

Ní ilé kẹta sí tiwọn, Vendelín ń la igi ìdáná nínú yìnyín,
ẹni àádọ́rin ọdún, ara rẹ̀ le koko.
Kò rántí nǹkan kan.
Ta ní í ka iye ọjọ́ tí orí ò fọ́ ọ?
"Kí ni mo ṣe tẹ́ ẹ fi yàn mí?"
"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, bàbá. Ìdí tá a fi yàn yín nìyẹn."
Ó gbé àáké sílẹ̀.
Ó ní Blažej ló dúró ti òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun.

Mo wá lọ tú ìwé owó oṣù nílé iṣẹ́ àga:
ta ló dúró nídìí ayùn, ta ló ń ha igi, ta ló jókòó sí ọ́fíìsì.
Ìwé owó kì í sunkún, kì í sì í gbàgbé.

Sìgá ni gbogbo wa fura sí.
Sìgá pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó kú,
ó pọ̀ bákan náà lọ́dọ̀ àwọn tó ń la igi.
Ọtí èso, bákan náà. Èédú, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ bákan náà.
Ìdí ẹ̀rọ tó ń ha igi ni òṣùwọ̀n tẹ̀ sí:
eruku igi óòkù, eruku igi bíìṣì,
lẹ́búlẹ́bú, tó ń ta sánsán,
tá a máa ń bù síra wa lórí nígbà tá a wà lọ́mọdé.
Ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Ìlọ́po mẹ́sàn-án kì í ṣe orúkọ ènìyàn.
Kò lè wí fún Otília pé, èyí gan-an ni, lọ́jọ́ báyìí.
Àwọn kan fa eruku náà símú fún ogójì ọdún,
wọ́n sì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì títí dòní.
Ó kàn ń nawọ́ sí ibi tí koríko ti tẹ̀
pé ejò gba ibí kọjá.

Lálẹ́, mo dojú àga ìdáná wa dé.
Nọ́ńbà tí bàbá mi fi pẹ́ńsù kọ ṣì wà nídìí rẹ̀.
Mo gbóòórùn rẹ̀.
"Kí lò ń wá níbẹ̀?" ni bàbá mi wí, ó ń nu imú.

Mo mú bírò. Mo gbìyànjú ohùn kan náà:
"Ọdún mélòó lẹ fi dúró nídìí ẹ̀rọ yẹn?"