Ẹ̀rọ Tó Ń Yá Iyè Lò

Ọmọlanke ni wọ́n fi gbé ọ wá láti ọ́fíìsì rélùwéè,
ìwọ àti àwọn fáìlì tí ikán ti jẹ ìdí wọn,
wọ́n sọ̀ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ní Sàmárù.
Ọ̀gá àgbà ní, "Olúgbọ̀dé, ṣé irú èyí ṣì wúlò,
àbí ká máa fi ti ilẹ̀kùn?"

N kò dáhùn. Ọyẹ́ ń fẹ́.
Mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin lẹ́yìn rẹ, ìkarùn-ún ti dípẹtà.
Eruku tó jáde tó rẹ́ yàrá kan.
Mo bá ẹyin ọmọńlé méjì lẹ́bàá fáànù, gbígbẹ, funfun,
àti ìwé pélébé kan tí obìnrin fọwọ́ kọ, tó lẹ̀ mọ́ ìhà rẹ:
*Kada a taɓa. Ladi.*
Ladi, níbikíbi tí o bá fẹ̀yìn tì sí, má bínú.
Mo fọwọ́ kàn án.

Mo tẹ bọ́tìnnì. O kérora bí arúgbó tó fẹ́ dìde lórí ẹní,
o ní òní ni ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2002.
Mo pa ọ́, mo tún tàn ọ́: ọjọ́ kan náà.
Láti ogún ọdún ó lé, òwúrọ̀ kan ṣoṣo lo ń jí sí.
Mo lọ sọ́dọ̀ Málàm Tukur tó ń tún aago ṣe ní PZ,
ó fún mi ní bátìrì pẹlẹbẹ, bíi kọ́bọ̀ àtijọ́.
Ó ní ti aago ni o. Mo ní aago náà ni.

Ṣùgbọ́n dísìkì rẹ ti kú. Mo yọ ọ́, mo mì ín,
ó ń ró ṣẹkẹṣẹkẹ bí ẹ̀pà inú èèpo.
Bàbá mi a máa ní ẹni tí kò ní ṣòkòtò
kò ní torí ẹ̀ jókòó sílé títí ayé,
yóò yá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀.
Mo fa wáyà láti ihò ẹ̀yìn rẹ,
ó gba abẹ́ fèrèsé, ó gba òkè àjà, ó wọ yàrá ìkẹ́rùsí
níbi tí ẹ̀rọ ńlá wà, tí ínfátà ń ṣọ́ ọ.
Mo wá kọ́ ọ ní ohun kan péré:
bí o bá jí, má wá iyè nínú ara rẹ.
Béèrè lẹ́nu wáyà.

O béèrè, ẹnikẹ́ni kò dá ọ lóhùn.
O tún béèrè. Àṣé ihò tí kò yẹ ni mo ki wáyà bọ̀.
Lẹ́yìn náà, iná aláwọ̀ ewé ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì,
ojú rẹ ṣókùnkùn, ó ṣókùnkùn pẹ́,
mo ti ń wá ohun tí màá wí fún ọ̀gá àgbà
kó tó di pé o dá ojú rẹ sílẹ̀, o ní:
Ta nìyẹn?

Talatu ló kọ́kọ́ wọlé. Orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀,
ó jókòó, ó ń kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Hadejia, lédè Hausa,
nípa ewúrẹ́ tó bímọ, nípa kànga ilé wọn.
NẸPA mú iná lọ.
Ó figbe ta: "Málàm, lẹ́tà mi!"
Mo ní kó fara balẹ̀. Kò gbà.
Ó ń sunkún sí àtẹ́lẹwọ́, àwọn ọmọkùnrin ń rẹ́rìn-ín.

Wákàtí kan àti díẹ̀. Iná dé.
N kò jẹ́ kó padà sídìí rẹ.
Mo mú un lọ sídìí arúgbó kejì, èyí tó wà lẹ́bàá ògiri,
tí gíláàsì rẹ̀ ti sán.
Orúkọ kan náà, ọ̀rọ̀ àṣírí kan náà.
Lẹ́tà wà níbẹ̀. Igi tín-ín-rín yẹn ń ṣẹ́jú
láàárín ọ̀rọ̀ tó ń kọ lọ́wọ́ kí iná tó lọ: *ru*
Ó wò mí. Ó wo ẹ̀rọ tí kò fọwọ́ kàn rí.
Ó fi ìka kan parí omi: *wa*.

Nírọ̀lẹ́, kí n tó ti ilẹ̀kùn,
mo lẹ ìwé Ladi padà síbi tí mo ti bá a,
kì í kúkú ṣe pé ẹnì kan máa gbọ́.