Ẹ̀yìn Idẹ

Ọjọ́bọ̀ ni ìwé náà dé, òǹtẹ̀ pupa lórí rẹ̀:
kí Rúfáì alágbẹ̀dẹ ti Àjàṣẹ́ rọ àmì-ẹ̀yẹ mẹ́rìnlá,
idẹ ni, kò gbọdọ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ,
fún àwọn ṣójà ojú omi tó bá olè òkun jà
lóru tí ìjì dojú ọkọ̀ wọn dé.
Ọkọ̀ ogun ni kó wà níwájú, ìbọn ńlá méjì, àsíá,
orúkọ oníkálukú yí i ká bí okùn lọ́rùn korobá.

Bàbá mi kò wọ ọkọ̀ ogun rí.
Ọ̀sà ló mọ̀, omi tí kì í pariwo.
Mo gbé àwòrán dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà,
ó ń fi ẹ̀gún igi ọsàn gbẹ́ ìda oyin,
ó ń bi mí: “Ṣé báyìí ni imú rẹ̀ ṣe gùn?
Ọkọ̀ tó ga tó yìí, ta ní ń gbọ́n omi inú rẹ̀?”

Ìda wọ amọ̀, amọ̀ wọ iná.
Ìda yọ́ jáde, ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.
“Wo ihò yẹn,” ó ní. “Bí ẹni tó lọ sókun tí kò bọ̀
ṣe ń fi àyè sílẹ̀ lórí ẹní nìyẹn.”
Mo fín ẹwìrì títí apá mi fi ń gbọ̀n.
Idẹ wa: ẹnu ẹ̀rọ omi, kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́,
abọ́ ìyá bàbá mi tó ti lu.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta ni Hùnsù apẹja yà,
ó mú ẹja gbígbẹ wá, kò mọ ohun tí à ń ṣe.
Òun ló tukọ̀ kúrò ní Sẹ̀mẹ̀ nínú ìjì yẹn,
tó fi okùn àwọ̀n fa ènìyàn mẹ́sàn-án jáde,
àjẹ̀ ṣẹ́, ó fi ọwọ́ wa ìyókù.
Mo ka ìwé náà. Mo tún un kà.
Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.
Bàbá mi kò wí nǹkan kan. Ó jẹ ẹja. Ó fọwọ́.

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù,
ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà mo gbọ́ tó ń dá sọ̀rọ̀
pé òun ò mọ̀ bóyá ìwé ló rán òun
àbí omi.

Nígbà tí wọ́n wá kó wọn, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun:
ọkọ̀ ogun, ìbọn méjì, àsíá, gbogbo rẹ̀ pé.
Wọ́n sanwó. Kò sẹ́ni tó yí ẹ̀yìn wọn wò,
níbi tí ọ̀pẹẹrẹ kan wà, kò ju èékánná lọ,
ọkùnrin kan nínú rẹ̀, kò mú àjẹ̀ lọ́wọ́,
ní ẹ̀gbẹ́ tí yóò máa fara kan àyà.