Atẹ́gùn Dà?

Láàárọ̀, kí wọ́n tó ṣí géètì,
Tjark á ti gun irin náà tòun ti fìtílà níwájú orí,
á máa fi òòlù kékeré kan gbá nọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan,
á dẹtí sí i.
Èyí dún kọ́: ó dì.
Èyí dún kẹ̀ẹ̀: ó ti yẹ̀, ẹ mú sípánà wá.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń bá irin sọ̀rọ̀
nínú igbó páìnì yìí, ní àríwá Jámánì,
níbi tí òjò kì í ti í dá tán kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Èmi wà nísàlẹ̀. Ojú ni mo ń nù.
Ojú irinwó lójúmọ́, kì í ṣe ti èèyàn:
awò-ìbòjú tí wọ́n kó dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn,
dúdú, ó wúwo bí búrẹ́dì ìjẹta,
bátìrì rẹ̀ ń gbóná bí ọmọ tí ibà mú.
Òógùn ọmọkùnrin tó wá láti Dẹ́ńmákì,
àtíkè ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé,
omijé ọmọdé tó ní òun ò gùn mọ́,
aṣọ kan náà ni mo fi nu gbogbo wọn.

Màá de okùn mọ́ wọn lágbárí,
wọ́n á sì fọ́jú níṣojú mi,
ẹnu ní ṣíṣí, ọwọ́ ń tá ràrà wá ohun tí yóò dì mú.
Wọ́n ní dírágónì ń bẹ níbẹ̀,
ìlú kan ń jó, afárá kan já sí méjì.
Igi páìnì ń sáré kọjá létí wọn, wọn ò rí i.
Àgbọ̀nrín dúró létí ọgbà, ó ń wò wọ́n, wọn ò rí i.
Tjark juwọ́ sí wọn látorí àkàbà, bó ti máa ń ṣe.
Ta ni yóò juwọ́ padà?

Mo bi í bó bá dùn ún.
Ó ní, "Irin ò mọ ẹni tó ń wo òun.
Ẹni tó dijú, ṣé kì í ṣubú ni?"

Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹwàá, àwòrán pẹ́ dé.
Kò pẹ́ púpọ̀, ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń sín.
Ọkọ̀ ya sọ́tùn-ún, dírágónì ya sósì.
Ara ní ìsàlẹ̀ là ń lọ, ojú ní rárá o, òkè ni.
Èèyàn mẹ́rìndínlógún ló gùn ún,
mẹ́sàn-án bì sórí bàtà ara wọn.
Awakọ̀ tírélà kan, géńdé, orúkọ rẹ̀ ni Detlef,
di ọwọ́ mi mú bí ẹni tó bọ́ sódò:
"Ibo la wà yìí?"
Mo ní, "Ibi tẹ́ ẹ ti gbéra ni."

Wọ́n kó awò náà sí páálí. Mo tọrọ ọ̀kan.

Ìyá mi, Almuth, kò tíì dìde lórí àga láti ọdún méjì,
ògiri ilé aládùúgbò ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí.
Mo de okùn mọ́ ọn. Ọbẹ̀ ń hó lórí iná.
Ó pariwo. Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún pariwo.
Ẹsẹ̀ tó ti kọ̀ ń wá ilẹ̀ nínú sálúbàtà.
Lójijì, ó dákẹ́.
"Wiebke, atẹ́gùn dà?
Mò ń sáré báyìí, atẹ́gùn kò fẹ́ sí mi."

Mo fi ìwé ìròyìn fẹ́ ẹ. Kò tó.
Mo pe Tjark. Ó dé tòjò-tòjò,
ó di ẹ̀yìn àga mú, mo di apá rẹ̀ mú,
ìyá ń kígbe, "Ọ̀tún! Ó ti di òsì! Ẹ ti pẹ́!"
À ń gbé e, à ń dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́,
a ò bá dírágónì yẹn dọ́gba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
kò sì bì.

Nígbà tí a gbé àga kalẹ̀, ó dún kẹ̀ẹ̀.
Tjark dẹtí.
"Ẹsẹ̀ yìí ti yẹ̀," ló wí.
"Lọ́la, màá mú sípánà wá."