Igi Tí Mi Ò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Lẹ́yìn ilé wa ní Rochdale, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń kó àpò ìdọ̀tí sí,
igi kan wà tí kò ga ju èjìká mi lọ.
Ewé rẹ̀ ń gún ni bí ọ̀rọ̀ àna.
Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kọjá níbẹ̀
bí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru, tí oorun ń wọ́ mi lẹ́sẹ̀,
tí ẹ̀gún rẹ̀ ń ha aṣọ iṣẹ́ mi, tí mo ń ṣépè.

Àfi ìgbà tí ara Ìbídùn bẹ̀rẹ̀.
Kọ́rọ́ ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀yìn orúnkún,
awọ ọmọ ọdún méje gbẹ, ó sán,
ó ń bó bí ọ̀dà ògiri àtijọ́.
Dókítà fún wa ní ìpara. Ó dáa fún ọ̀sẹ̀ méjì,
ni nǹkan náà bá tún padà bí ẹni tó gbàgbé fìlà.
Lóru tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gbọ́ èékánná rẹ̀,
hẹrẹ hẹrẹ hẹrẹ, bí eku nínú àjà.

Winifred Entwistle, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
ló nawọ́ sí igi náà látorí ọgbà:
"Gbòǹgbò yẹn ni ìyá mi fi ń pa apá bàbá mi
nígbà tí iṣẹ́ ilé òwú bá ti jẹ ẹ́ lára."
Ó ní ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá láti Amẹ́ríkà.
Ó ní àwọn onílẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé,
ń fi pa aṣọ láró, wọ́n ń fi wẹ egbò,
wọ́n ń jẹ èso rẹ̀ bó ti wù kó kan tó.
Mo ní, kí ni wọ́n ń pè é?
Ó wojú mi. Ó wo igi.
"Mi ò bi ẹnikẹ́ni rí."

Níbi tí mo ti wá, ewé tí a kò bá pè kì í jẹ́.
Kí ìyá mi àgbà ní Ìgbájọ tó já ewé kan ṣoṣo,
á kí i, á ju kọ́bọ̀ sí ìdí rẹ̀,
á sọ iṣẹ́ tó fẹ́ rán an.
Ta ni kí n wá pè báyìí?
Orúkọ tó wà lára páálí nílé ìtajà òdòdó
dà bí èyí tí wọ́n fún mi níbi iṣẹ́
nítorí pé Adérẹ̀mílẹ́kún gùn jù lẹ́nu wọn.

Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ Winifred.
Mo ha èèpo gbòǹgbò: ó pọ́n bí pupa ẹyin.
Mo ju pẹ́nnì mẹ́wàá sínú ihò, mo ní:
Ìwọ tí mi ò mọ orúkọ rẹ,
ìwọ tó ń tanná nígbà tí gbogbo igi ń sùn,
ìwọ tí ẹyẹ dúdú ń jí èso rẹ jẹ ní Oṣù Kẹfà,
tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ aláwọ̀ àlùkò kun mọ́tò àlùfáà,
má bínú. Èmi náà ò sí nílé.
Winifred rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
Lọ́jọ́ kejì, mo rí bọ́tìnnì funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó mi.

A sè é, a sẹ́ ẹ, a pò ó mọ́ òrí
tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ nínú agolo mílíìkì.
Ọwọ́ ara mi ni mo kọ́kọ́ fi pa fún ọjọ́ mẹ́ta.
Bàbá Ogden tí mo ń wẹ̀ di ìka mi mú:
"Ṣé kọ́rì lo sè ni?"

Mi ò níí purọ́, kò lọ tán.
Orúnkún òsì ṣì le.
Ṣùgbọ́n ní alẹ́ Tọ́sìdeè kan mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀,
mo tẹ́tí, tẹ́tí,
mi ò gbọ́ eku kankan.

Ìbídùn ti fún igi náà lórúkọ.
Kò sọ ọ́ fún mi.
Kí ó tó lọ sílé ìwé, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀,
ètè rẹ̀ á máa mì.