Oníbodè Ẹgbẹ̀rún Méje

Fásuyì gbé e dé láti Adó lórí ọ̀kadà,
ó fi okùn ewúrẹ́ dè é mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀.
Kọ̀ǹpútà àtijọ́, èyí tí báńkì kékeré kan jù nù
nígbà tí báńkì náà fúnra rẹ̀ kógbá sílé.
Ẹgbẹ̀rún méje náírà. Kò lójú.
Aáyán méjì ló bá a rìnrìn àjò.

Màmá wò ó títí. "Kí rè é nínú ulé mi?"
Fásuyì ní, "Oníbodè ni, Màmá."
Màmá ní, oníbodè wo ni ò lójú?

Ní Ẹ̀fọ̀n, òkè ló ni afẹ́fẹ́.
Kí ọ̀rọ̀ tó ti ara òpó ọ̀nà Ìta-Awurẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa,
ó ti gun òkè, ó ti rẹ̀ ẹ́.
Fèrèsé ilé ìdáná nìkan ló ń gbà á,
ẹ̀gbẹ́ ìkòkò la ti ń ránnu mọ́ ayé.
Yàrá mẹ́fà, fóònù mẹ́sàn-án,
oníkálukú ń ra dátà tirẹ̀ bí ẹni ń fi ṣíbí ra epo.

Ó tú u palẹ̀ lórí ẹní, ó gbọn eruku inú rẹ̀,
ó ki káàdì kejì bọ̀ ọ́ níhà:
etí kan fún ayé, etí kan fún ilé.
Ó so mọ́dẹ́ẹ̀mù mọ́ ọ̀pá tí a fi ń ká ìbẹ́pẹ.
Ó wá jókòó, ó ń kọ ìwé òfin fún ọjọ́ mẹ́ta,
iyán tutù níwájú rẹ̀.

Òfin náà ò ṣòro.
Àlejò tí ará ilé kankan ò pè, kó padà lẹ́nu ọ̀nà.
Èyí tá a pè, kó wọlé, kó má yà sí yàrá ẹlòmíì.
Tá a bá sì ń jáde, orúkọ kan ṣoṣo la fi ń jáde,
ayé ò gbọdọ̀ mọ̀ pé mẹ́sàn-án ni wá.

Fáànù rẹ̀ ń hùn lóru bí ológbò àgbà.
Bó bá dákẹ́ ni a ń jí.

Lọ́dún kejì, Fásuyì gba físà.
Ó fi oníbodè sílẹ̀ fún mi,
èmi tí n ò mọ̀ ju kí n pa á, kí n tún un tàn.
Nígbà ọ̀yẹ́, tí ohun gbogbo ń falẹ̀,
mo fi tẹlifíṣàn ṣe ojú fún un, mo ṣí ìwé òfin náà
láti wá ẹni tó ń jẹ dátà wa.
Ó fi Yorùbá kọ ìlà kan síbẹ̀,
ó fi àmì síwájú rẹ̀ kí ẹ̀rọ má baà kà á:
"Fóònù Màmá rè é. Ọjọ́ Àìkú, agogo méje alẹ́,
kí gbogbo yín dúró, kí tirẹ̀ kọjá ná."

Mo wo ọjọ́ tó kọ ọ́.
Ó ku oṣù mẹ́jọ kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń lọ.

N ò fọwọ́ kàn án. Mo rí olè dátà náà:
èmi ni. Fóònù mi ló ń wa fíìmù tí mo bá ti sùn.
Aáyán kan jáde, mo dé e padà.

Lọ́jọ́ Àìkú, a dúró.
Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò náà ni Màmá ṣì jókòó sí,
ó ń pariwo sí ojú ọmọ rẹ̀ nínú yìnyín:
"Fásuyì! Oníbodè rẹ ò tíì sùn o."