Ohùn Mẹ́ta Nínú Ògiri

Odidi ọdún méjì ni mo fi ń gbọ́ ọ,
mi ò mọ̀ pé orin ni.
Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, bí ẹyẹ òkun bá ti dákẹ́ lórí òrùlé,
tí òjò Swansea ń ṣàn bọ̀ láti Townhill lọ bá òkun,
nǹkan kan a kùn nínú ògiri yàrá mi:
ohùn mẹ́ta, òkè, àárín, àárín.
A dákẹ́. A tún kùn.

Etí Yorùbá ò kúkú lè gbọ́ orin kó má wá ọ̀rọ̀ sí i.
Mo ní, “Ó ti lọ.”
Ohun tó ń wí nìyẹn. Ó ti lọ.
Ìyá mi lọ nígbà tí mo ń dúró de físà,
ojú fóònù ni mo ti wo ìsìnkú rẹ̀,
nẹ́tíwọ̀kì sì já kí wọ́n tó bu iyẹ̀pẹ̀ lé e.
Mo bá yí orí ibùsùn mi kúrò lára ògiri.

Emrys Probert kú ní oṣù Kejì.
Carys ọmọ rẹ̀ kó àpótí síta,
ó ní kí n mú ohun tó bá wù mí.
Mi ò mú aago. Mi ò mú abọ́ tangaran.
Àwo orin kan ni mo mú. Omi ti jẹ orúkọ olórin lára páálí rẹ̀,
ó ku “Nesta” àti ìdajì ojú obìnrin kan
tó ń wo ibòmíràn.
“Ẹ mú ẹ̀rọ rẹ̀ náà. Ta ló tún ń lò ó?”

Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e.
Ó kọ́kọ́ ń ta bí ẹ̀pà nínú iyanrìn gbígbóná,
lẹ́yìn náà, ẹnì kan mí.
Kò tíì kọrin o. Ó mí ni.
Mo wẹ̀yìn wò.

Ẹni tó ń kọrin fún àwùjọ a máa na ọrùn;
èyí ń kọ ọ́ bí ẹni ń sọ fọ́mọ tó ti ń tòògbé
ohun tí bàbá rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́.
Orin ìfẹ́ àtijọ́, tí ẹnu ti lò títí tó fi ṣí láwọ̀,
ó ń fẹ́ ẹ mu díẹ̀díẹ̀ bí omi gbígbóná.
Níbi tí ẹlòmíràn ì bá ti gbé ohùn gun igi,
ó rọra gbé e kalẹ̀, ó ní ká parí rẹ̀ fúnra wa.

Àwọn tó ń bá a ta okùn ò ju mẹ́ta lọ:
gìtá tí kò fẹ́ ká mọ̀ pé òun wà nílé,
fayolíìnì tó yọjú lẹ́ẹ̀mejì bí ará ilé tó wá tọrọ iyọ̀,
àti sẹ́lò. Ìwọ rèé! Ará inú ògiri!
Bíríkì ló ti sẹ́ orin náà bí ògì,
ó dá ohùn Nesta dúró lọ́dọ̀ Emrys,
ìkùn rẹ nìkan ló ń rọ̀ sínú abọ́ mi.

Lánàá, mo ti ilé ìtọ́jú arúgbó dé, mo tan án.
Ní orin kẹta apá kejì, àga kan dún kẹ́ẹ́. Wọn ò yọ ọ́.
Ẹni tó bá yọ àga, á yọ èémí.
Nesta dákẹ́. Sẹ́lò sọ tirẹ̀:
òkè, àárín, àárín.
“Wá jẹun.”

Ohùn kan náà! Bí ìyá mi ṣe máa ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé nìyẹn,
láìdárúkọ, torí ó mọ̀ pé mo gbọ́.
Bóyá èmi ni mo ṣì í gbọ́ láti ọjọ́ yìí.
Bóyá méjèèjì ló ń wí.

Mo dìde, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi,
mo sanwó sí mítà gáàsì, mo gbé ìrẹsì àná kaná.
Ní ìhà kejì ògiri,
àwọn ayálégbé tuntun pa tẹlifíṣọ̀n wọn.