Ìbéèrè Tí Kò Sí Nínú Káàdì

Iná ti lọ ní Ìsọ̀kùn, a tan àtùpà.
Tíṣà Fápohùndà, bàbá ìyá mi, fi awò sójú,
ó di káàdì mú bí adájọ́.
Ọ̀la ni ìdíje ilé-ìwé wa.

"Ọdún wo ni àwọn ẹrú Háítì fọwọ́ ara wọn gba òmìnira?"
Ẹgbẹ̀sán ó lé mẹ́rin.
"Ogun Kírìjì, kí ló sọ ọ́ lórúkọ?"
Ìró ìbọn ni, kírìjì, kírìjì, láàrin àwọn òkè.
Ó fa máàkì fún mi.

"Òṣómàáló?"
Kò wo káàdì fún èyí.
Bàbá tirẹ̀ ló ru aṣọ lọ ìlú onílùú,
tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
láti àárọ̀ títí adìyẹ fi wọlé:
òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi.
Orúnkún rẹ̀ kò nà tán mọ́ títí ó fi kú.

Ó wá kàn mí. "Bàbá, kí ni jápa?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí ewúrẹ́ ń ṣe bó bá já okùn."
Rárá o, mo ní, ọ̀rọ̀ àwa ọmọ ìsinsìnyí ni,
ohun tí Ẹ̀gbọ́n Jọláadé ṣe lóṣù Ẹrẹ́nà,
tí yàrá ẹ̀ fi ń rùn bí àpótí.

Ó dákẹ́. Kòkòrò ń fara gbá àtùpà.
"Òṣómàáló a máa wálé fún Ìwúde," ó ní,
"jápa ńkọ́, ìgbà wo ló ń bọ̀?"

Mo yẹ káàdì wò, níwájú, lẹ́yìn.